Orin tí mo kọ ti pọ̀ ju èyí tí mo lè rántí lọ: báwo lẹ ṣe ń to fáìlì tiyín?

Aludùùrù_Ẹ̀bútéMẹ́ta

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá.

Mo ń kọ orin fún akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì máa ń kọ fún ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ilé ẹ̀kọ́ bí wọ́n bá bẹ̀ mí. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ wà nínú ìwé, sol-fa tí mo fi bírò kọ, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fóònù yà. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bọ́ sórí Finale, ètò tí a fi ń kọ orin lórí kọ̀ǹpútà, mo sì lò ó pẹ́ kí n tó wá sórí MuseScore, tó jẹ́ irú rẹ̀. Àwọn tí a gbà sílẹ̀ ní sítúdíò wà nínú hard drive, WAV àti MP3 papọ̀. Èyí tó wá pọ̀ jù lọ ni èyí tí mo fẹnu kọ sínú WhatsApp láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá Third Mainland, tí mo fi ránṣẹ́ sí ara mi kí ohùn náà má baà bọ́ lọ.

Ọ̀gá akọrin kan ní Ìdúmọ̀tà ní kí n fún òun ní áńtẹ́ẹ̀mù ìkórè mi, «Oko Wa Ti So». Mo wá a, ẹ̀dà bíi mẹ́rin ló jáde. Òmíràn wà ní kéè D, òmíràn ní kéè C, ọ̀kan kò tilẹ̀ ní áltò. Ìgbà tí mo jókòó sídìí dùùrù tẹ̀ wọ́n ni mo tó mọ èyí tó péye. Ta ló ráyè ìyẹn nígbà gbogbo?

Mo fẹ́ to gbogbo rẹ̀ pátá. Ṣé ọdún ni kí n fi tò ó ni, àbí àsìkò ìjọ, àbí irú akọrin? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo ń tọ́jú kọ́bọ́ọ̀dù orin fún akọrin wa níbí, ní Erékùṣù. Àsìkò la fi ń tò ó: Ádífẹ́ńtì, Kérésìmesì, Lẹ́ńtì, Àjíǹde, Pẹ́ńtíkọ́sì, Ìkórè. Ìgbéyàwó wà lọ́tọ̀, ìsìnkú wà lọ́tọ̀. Ọ̀gá akọrin bá ní «orin Àjíǹde», mo ti nawọ́ sí i. Ẹ dá fódà mẹ́jọ sórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ máa jù wọ́n sí i. Kò le rárá.

Ìyá_Ilé_Ìkàwé

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjókòó. Iṣẹ́ ilé ìkàwé ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Ìwọ Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, orin ìdúpẹ́ tí wọ́n ń kọ nígbà ìkórè, tí wọ́n tún ń kọ níbi ìgbéyàwó, fódà wo lo máa fi sí? O máa dà á kọ sí méjèèjì. Lọ́jọ́ tí ẹni tó kọ orin bá tún ténọ̀ ṣe, ọ̀kan ló máa tún ṣe, èkejì á wà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀dà mẹ́rin ṣe ń délé ẹni nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí Aludùùrù rí ni pé fáìlì kọ́ ni orin. Orin lè jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo kí fáìlì rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá: fọ́tò sol-fa, ti Finale, ti MuseScore, PDF tí akọrin ń wò, ohùn ọjọ́ ìsìn, ohùn ti sítúdíò. Ẹni tó bá ń to fáìlì kò ní tò ó tán. Orin ni kí ẹ tò sínú tábìlì kan, kí ẹ wá so fáìlì mọ́ ọn. Kí orin kọ̀ọ̀kan gba nọ́ńbà tirẹ̀. Nọ́ńbà yẹn kò ní yí padà, ẹ kò sì ní gbà á fún orin mìíràn, kódà bí ẹ bá pa orin náà tì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà náà ní ìtumọ̀ kankan. Kó má sọ ọdún, kó má sọ àsìkò. Ẹ wo ti Mozart, olórin òyìnbó ayé àtijọ́. Òun fúnra rẹ̀ ṣí ìwé kan ní 1784, ó ń kọ orin sí i bó ṣe ń parí wọn, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìbẹ̀rẹ̀ ohùn orin náà, títí di 1791 tó kú. Àmọ́ èyí tó ti kọ ṣáájú 1784 kò kéré. Nígbà tí ọ̀mọ̀wé kan, Köchel, kó gbogbo rẹ̀ jọ ní 1862, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra wọn ló fi tò wọ́n, láti 1 dé 626. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó dé lẹ́yìn wá rí i pé ọjọ́ tó fún àwọn kan kò tọ̀nà. Wọ́n tún un tò. Síńfónì tó ń jẹ́ 183 wá di 173dB nínú ìtẹ̀jáde 1964. Títí di òní, ìwé mìíràn á kọ méjèèjì pọ̀ kí onítọ̀hún má baà sọnù.

Ọ̀mọ̀wé mìíràn, Schmieder, ní tirẹ̀ fi irú orin to ti Bach, olórin òyìnbó mìíràn, ní 1950. Orin dùùrù ńlá inú ṣọ́ọ̀ṣì wà láti 525 dé 771. Nǹkan bí 1985 ni wọ́n gbé orin dùùrù mìíràn jáde tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé Bach kọ. Kò sí àyè fún wọn láàárín àwọn ẹgbẹ́ wọn mọ́, ẹ̀yìn pátá ni wọ́n lọ, láti 1090. Ìgbà tí nọ́ńbà bá ti fẹ́ ṣe iṣẹ́ méjì ni wàhálà rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 0001. Èyí tí ọwọ́ yín bá kọ́kọ́ bà ni kó jẹ́ 0001.

Bíìtì_Yábàá

Màámi, ẹ kú ọgbọ́n o. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó le tó báyìí ni? Search ti wà. Èmi ní bíìtì tó lé ní ẹgbẹ̀rún, fódà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà. Ìyára àti kéè ló ṣáájú orúkọ fáìlì mi: 104_Fm, 95_Am, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Olórin bá wọlé, ó ní nǹkan tó rọra lòun ń fẹ́, mo tẹ 95, gbogbo wọn tò síta. Kí ni mo fẹ́ fi nọ́ńbà tí kò ní ìtumọ̀ ṣe?

Ìyá_Ilé_Ìkàwé

Ohun tí ẹnìkan bá ti kọ síbẹ̀ ni search ń rí, ọmọ mi. Ìwọ ti kọ 95 síbẹ̀, o káre. Ti Aludùùrù tó wá látinú WhatsApp, AUD-20230604-WA0012 ló ń jẹ́, tàbí PTT kí nọ́ńbà ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ wo ló fẹ́ tẹ̀ kí orin ìkórè tó jáde nínú ìyẹn?

Lọ́nà kejì, ọjọ́ tí o bá ta bíìtì 95_Am fún èèyàn méjì, tí ọ̀kan mú un lọ sí 98, ṣé bíìtì kan náà ni àbí méjì?

Bíìtì_Yábàá

Ẹ ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ fún mi o, Mà. Mi ò kì í ta ọ̀kan fún èèyàn méjì 😅

Àmọ́ mo gbọ́.

Ẹnjiníà_Ojúẹlẹ́gba

Ẹ jẹ́ kí n sọ apá ti sítúdíò, torí ibẹ̀ ni owó ti ń jóná.

Ẹ̀gbọ́n Aludùùrù, MP3 tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ tí ẹ parí iṣẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ yín. Ẹ bi wọ́n léèrè ohùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn tí à ń pè ní stems: tírébù lọ́tọ̀, áltò lọ́tọ̀, gángan lọ́tọ̀, dùùrù lọ́tọ̀. Kí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan náà, láti ojú ìbẹ̀rẹ̀ orin gan-an, kódà bí gángan kò bá dún títí di ìṣẹ́jú kẹta. Bí ẹ bá ti kó irú WAV bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀rọ èyíkéyìí, wọ́n á bára mu láìsí pé ẹnikẹ́ni ń fa wọ́n síwá sẹ́yìn. Fáìlì iṣẹ́ Cubase tàbí FL Studio, àwọn ètò tí sítúdíò fi ń ṣiṣẹ́, nìkan kò tó. Ó lè jẹ́ pé ó kàn ń tọ́ka sí ohùn tó wà níbòmíràn lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó ṣe é. Ẹ bá gbé e lọ, ẹ ṣí i, ó ní òun kò rí nǹkankan.

Mo mọ akọrin kan tí sítúdíò tí wọ́n lò kó lọ láìsọ fẹ́nì kankan. MP3 ló kù fún wọn. Wọ́n fẹ́ yọ ohùn ẹnìkan kúrò nínú rẹ̀, kò ṣe é yọ.

Ẹ má bẹ̀rù ìtóbi rẹ̀ náà. WAV 24-bit ní 48 kHz, ohùn ẹyọ kan, kò ju nǹkan bíi 8.6 MB lọ ní ìṣẹ́jú kan. Orin ìṣẹ́jú márùn-ún tó ní ohùn 24 á gba nǹkan bíi 1 GB. MP3 orin kan náà ní 320 kbps kò ju 12 MB lọ. Ẹ kó WAV pamọ́, ẹ fi MP3 ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn. Tí ẹ bá fẹ́ dín in kù láìpàdánù ohunkóhun, FLAC ni kí ẹ sọ ọ́ dà. Ìgbàkígbà tí ẹ bá fẹ́, ó lè padà di WAV bó ṣe wà gẹ́lẹ́. MP3 kò lè ṣe ìyẹn. Ohun tó bá ti gé dànù ti lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ń fi fọ́tò sol-fa ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ yan «document», ẹ má yan fọ́tò. Bí ẹ bá fi ṣe fọ́tò, ó máa fún un pọ̀ títí àmì kékeré tó wà lábẹ́ d àti s kò fi ní hàn mọ́, ohùn á wá gòkè ibi tí kò yẹ.

Aludùùrù_Ẹ̀bútéMẹ́ta

Ẹnjiníà, ẹ ṣé gan-an. Ti àmì abẹ́ sol-fa yẹn ti ṣẹlẹ̀ lójú mi rí, báàsì kan kọ ohùn tí ọmọdé ń kọ.

Ìbéèrè mi: àwọn ti Finale ńkọ́? Wọ́n pọ̀ o.

Òǹtẹ̀_Sùúrùlérè

Àkọsílẹ̀ orin ni mo máa ń tẹ̀ fún àwọn èèyàn, torí náà mo lè dáhùn èyí. Ẹ yára o. Iléeṣẹ́ MakeMusic kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2024 pé àwọn kò ní ṣe ẹ̀yà Finale tuntun mọ́. Ti orí kọ̀ǹpútà yín ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ lọ́jọ́ tí Windows tàbí kọ̀ǹpútà náà bá yí padà, ẹnikẹ́ni kò ní tún un ṣe fún yín.

Ẹ ṣí Finale nígbà tó ṣì ń ṣí, ẹ sọ gbogbo wọn di MusicXML. Àwọn ẹ̀yà rẹ̀ tó dé kẹ́yìn lè yí odindi fódà padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kò ní máa ṣí wọn níkọ̀ọ̀kan. MusicXML ti wà láti 2004, MuseScore, Sibelius àti Dorico ló ń kà á. Kì í ṣe ti iléeṣẹ́ kan. Bí a bá tilẹ̀ ṣí i nínú Notepad, èèyàn á rí i pé ọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe nǹkan àdììtú.

Ṣùgbọ́n ohùn ló máa ń gbé dáadáa, kì í gbé ẹwà. Ibi tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ sí, bí ìlà ṣe pín, lẹ́tà tí ẹ yàn, èyí lè dà rú. Nítorí náà, ẹ ṣe PDF ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ kan náà. PDF ni ẹ̀rí bó ṣe rí lójú yín, MusicXML ni èyí tí ẹ máa fi tún un ṣe. Ẹ má sì ju fáìlì Finale nù.

Ẹ yẹ ọ̀rọ̀ wò pẹ̀lú, pàápàá àmì ohùn. Mo ti rí orin tí ẹ́ rẹ̀ di àpótí òfìfo lẹ́yìn tí wọ́n yí i padà, torí pé àwọn tó ṣe lẹ́tà àtijọ́ kò ro Yorùbá mọ́ ọn.

Tísà_Ìkẹjà

Ẹ ṣeun tí ẹ dárúkọ àmì ohùn. Mo ti fẹ́ béèrè: ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa kọ orúkọ fáìlì pẹ̀lú àmì ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó

Háà! Tísà Yorùbá ló ń sọ pé ká yọ àmì?

Tísà_Ìkẹjà

Fara balẹ̀, àbúrò. Ẹ̀kọ́ ọ̀hún kò yí padà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé nínú kọ̀ǹpútà, kò sí lẹ́tà ẹyọ kan tó ń jẹ́ ẹ́. Ẹ ni, pẹ̀lú àmì òkè tó dúró lọ́tọ̀. Ẹ yẹn fúnra rẹ̀, bọ́tìnnì mìíràn á kọ ọ́ ní ẹyọ kan, òmíràn á kọ e kó tó fi àmì ìsàlẹ̀ lé e. Lójú èèyàn, ọ̀kan ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà tí wọn kò kọ́ dáadáa, wọ́n jẹ́ orúkọ méjì. Mac máa ń tú lẹ́tà ká nígbà tó ń tọ́jú orúkọ fáìlì láyé ọjọ́un, Windows kì í tú u. Ẹ wá fi orúkọ bẹ́ẹ̀ sínú zip, kó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ó lè dé bí ìbéèrè àti àpótí.

Torí náà, orúkọ fáìlì: lẹ́tà lásán, nọ́ńbà, àti ìlà kékeré láàárín. Inú tábìlì tí Ìyá ń sọ ni Yorùbá ti máa wọ aṣọ rẹ̀ pé, pẹ̀lú gbogbo àmì. Bí ẹ bá kọ «oko-wa-ti-so» lásán, mo lè kà á sí «Ọkọ wa ti sọ», kí n máa rò pé orin àwọn ìyàwó ilé ni. Nọ́ńbà tó ṣáájú rẹ̀ ló máa gbà mí lọ́wọ́ ìyẹn.

Ẹ ní òpó méjì fún àkọlé nínú tábìlì, ọ̀kan pẹ̀lú àmì, ọ̀kan láìlámì. Èyí tí kò ní àmì ni ẹ máa wá, èyí tó ní àmì ni ẹ máa tẹ̀ síta.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó

Ó ti yé mi, Sà. Mo dọ̀bálẹ̀.

Ṣùgbọ́n Màámi Ilé Ìkàwé, tí ténọ̀ wa kò bá lè dé òkè, tí mo mú orin kúrò ní D lọ sí C, ṣé nọ́ńbà tuntun nìyẹn?

Ìyá_Ilé_Ìkàwé

Rárá. Orin kan náà ni, ẹ̀dà mìíràn ni. Nọ́ńbà dúró, kéè wọ orúkọ fáìlì. Bí mo bá ní kí o kọ ọ́ fún akọrin ọkùnrin nìkan, ẹ̀dà náà ni. Èyí tí mo máa ń ronú lé lórí ni ti orin Yorùbá tí a tún kọ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Tísà_Ìkẹjà

Mo fẹ́ kí a dúró síbẹ̀ yẹn díẹ̀, torí níbi tí ẹ̀gbọ́n Aludùùrù wà, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ohùn orin Yorùbá ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó kọ́kọ́ túmọ̀ orin ìwé mímọ́ sórí ohùn àwọn òyìnbó fi bí wa nínú títí dòní: ọ̀rọ̀ ń lọ sókè níbi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀, gbólóhùn á sì máa sọ ohun tí ẹni tó kọ ọ́ kò sọ. Olórin tó bá mọṣẹ́ máa ń yí ohùn padà láti ẹsẹ kan sí èkejì kí ọ̀rọ̀ má baà wọ́. Ẹsẹ kìíní àti ìkejì lè má jọra ní ohùn rárá, síbẹ̀ orin kan ni.

Bí ẹ bá wá fi Gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ ohùn kan náà láìyí ohunkóhun padà, mo gbà pé ẹ̀dà ni. Tí ẹ bá yí ohùn náà padà nítorí Gẹ̀ẹ́sì kò béèrè ohun tí Yorùbá béèrè, orin tuntun ti dé. Kó gba nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹ kọ sí òpó kan pé «ó ti 0147 wá».

Aludùùrù_Ẹ̀bútéMẹ́ta

Tísà, mo fara mọ́ apá kan. Èmi yóò lo etí mi: bí akọrin tó ti mọ ti Yorùbá bá lè kọ ti Gẹ̀ẹ́sì láìkọ́ ohùn tuntun, ẹ̀dà ni. Bí mo bá ní láti tún kọ́ wọn, nọ́ńbà tuntun.

Alágbàwí_Oníkàn

Mo ti ń kà á bọ̀ láti òwúrọ̀. Òpó kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ: ta ló ni ọ̀rọ̀, ta ló ni ohùn, ta ló ṣe ètò rẹ̀. Òpó mẹ́ta ni, kì í ṣe ọ̀kan. Àwọn tí ẹ kọ́ orin wọn tí ẹ tún un tò fún akọrin wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti 2022 sọ pé ẹ̀tọ́ orin ń wà fún gbogbo ayé ẹni tó kọ ọ́ àti 70 ọdún lẹ́yìn tó kú, a sì ń kà á láti òpin ọdún tó kú. Bí ẹ bá tún orin Josaiah Ransome-Kuti tò, tó kú ní 1930, ẹ̀tọ́ yẹn ti tán. Ṣùgbọ́n Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó jẹ́ ọ̀gá orin ní Kàtídírà Marina láti 1914, 1969 ló kú. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà títí òpin 2039. Fẹlá Ṣówándé kú ní 1987, tirẹ̀ dé òpin 2057. Nítorí náà, kí tábìlì yín ní ọdún ikú ẹni tó ni orin, kí ó sì ní «a ti gba àṣẹ» tàbí «a kò tíì gbà á».

Ti tiyín, ẹ̀tọ́ ti wà lọ́jọ́ tí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kò sí ìwé kankan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fún yín. Àmọ́ bí àríyànjiyàn bá dé, tábìlì tó ní ọjọ́, àti fọ́tò sol-fa tí fóònù ti kọ ọjọ́ sí nínú, máa ń ran ni lọ́wọ́. Ẹ má «tún un yà» kí ó lè mọ́ lójú. Ẹ fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹ wo bí ohun tí Ìyá sọ ṣe bá ti àgbáyé mu: orin ní nọ́ńbà tirẹ̀, ISWC, T àti nọ́ńbà mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní tirẹ̀, ISRC, lẹ́tà àti nọ́ńbà 12. Orin kan, ISWC kan; tí ẹ bá gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ISRC mẹ́ta. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún méjèèjì.

Bíìtì_Yábàá

Ẹ̀yin àgbà, mo ti ṣí Excel o. Ẹ ti fi òfin dẹ́rù bà mí.

Ẹnjiníà_Ojúẹlẹ́gba

Kí ẹ tó tò ó tán, ẹ wá ibi tí ẹ máa kó o sí. Ẹ̀dà mẹ́ta, sórí nǹkan oríṣi méjì, kí ọ̀kan má sí nílé yín. Ohun tí àwọn tó mọṣẹ́ yìí ń sọ nìyẹn, ó sì bá Èkó mu ju ibòmíràn lọ. Ẹ má fi hard drive sílẹ̀ lára kọ̀ǹpútà nígbà tí ẹ ń yí láti NEPA sí jẹnẹrétọ̀. Bí iná bá já nígbà tó ń kọ nǹkan sílẹ̀, ó lè bà á jẹ́. Ẹ ra méjì tí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, kí wọ́n má baà kú papọ̀. Èyí kejì, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín ní àdúgbò mìíràn, ẹ máa pààrọ̀ wọn nígbà tí ẹ bá ń kí ara yín. Ẹni tó ń gbé níbi tí omi ti ń wọlé, ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Dátà wọ́n, torí náà ẹ má gbìyànjú láti gbé WAV lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. MusicXML, PDF àti tábìlì nìkan ni kí ẹ gbé lọ. Àkọsílẹ̀ orin kì í tóbi. Ti gbogbo ayé yín lè wọ inú fláṣì kan kí àyè ṣì kù. Tí ẹ bá lọ ra fláṣì ní Computer Village, ẹ kọ́kọ́ fi fáìlì kún un dẹ́nu, kí ẹ sì tún wọn ṣí wò, kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Òmíràn wà tó ń pe ara rẹ̀ ní 256 GB tí kò tó ìdá mẹ́jọ rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ẹ mú fáìlì bíi mélòó kan láìyàn, ẹ ṣí wọn. Ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò ṣí wò rí, a kò tíì mọ̀ bóyá ẹ̀dà ni.

Aludùùrù_Ẹ̀bútéMẹ́ta

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti bẹ̀rẹ̀. Àpẹẹrẹ bí orúkọ fáìlì ṣe rí nìyí:

0147_oko-wa-ti-so_SATB_C_2019-08-11.mscz

SATB ni akọrin olóhùn mẹ́rin, C ni kéè. Ọdún ṣáájú oṣù, oṣù ṣáájú ọjọ́, kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ lè tò wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Fódà kan fún orin kan, nọ́ńbà rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, ohun gbogbo tó jẹ mọ́ ọn wà nínú rẹ̀. Ẹ̀dà tí akọrin ń lò báyìí nìkan ló wà lójú fódà, àwọn yòókù wà nínú «àtijọ́». Tábìlì ló ń sọ àsìkò, kéè, irú akọrin, ẹni tó ni ọ̀rọ̀, ọjọ́ tí a kọ́kọ́ kọ ọ́ ní gbangba. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, Ìkórè rẹ kò sọnù: mo tẹ «ìkórè» ní òpó àsìkò, gbogbo wọn jáde, orin kan sì lè ní àsìkò mẹ́ta.

Mo fi òpó kan kún un tí ẹnikẹ́ni kò sọ: sol-fa ìlà àkọ́kọ́ ti tírébù. Mo lè gbàgbé àkọlé, n kò lè gbàgbé bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá kọ «s : m . f : s» sínú search, ó ń jáde.

Ohun tó kù tó ń dà mí láàmú ni àwọn tí mo fẹnu kọ sínú WhatsApp. Kò sí àkọlé, kò sí ọ̀rọ̀, òmíràn ìlà méjì péré. Ṣé kí n fún gbogbo wọn ní nọ́ńbà ni?

Bíìtì_Yábàá

Fún gbogbo wọn, ẹ̀gbọ́n. Nọ́ńbà kò tán lọ́jà.

Ìyá_Ilé_Ìkàwé

Èmi kò gbà. Bí o bá fún àlàálẹ̀ ní nọ́ńbà orin, tábìlì rẹ á kún fún ohun tí kì í ṣe orin, o ò ní fẹ́ ṣí i mọ́. Kó wọn sí fódà kan, «ègé». Gbọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù, fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí orúkọ wọn: «ègé_2023-06-04_bíi-orin-ìsìnkú». (Tísà, má bínú, ó yẹ kí n yọ àmì.) Lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá ní ẹsẹ kan tó pé, ó ti di orin, fún un ní nọ́ńbà, gbé ègé rẹ̀ tẹ̀ lé e lọ sínú fódà tuntun.

Tísà_Ìkẹjà

Mo rí i, Mà. Mo dárí jì yín 😄

Aludùùrù_Ẹ̀bútéMẹ́ta

Ti Ìyá ni mo mú. Ẹsẹ kan tó pé, tàbí kí akọrin ti kọ ọ́ síta, èyí tó bá ṣáájú.

Àwọn tí akọrin wa máa kọ láti ìsinsìnyí dé Kérésìmesì ni màá kọ́kọ́ ṣe. Ti inú ìwé àtijọ́ á dúró.

Tuntun_Ọ̀ṣọ́dì

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, mo sì kà á láti òkè. Bí mo bá mú orin mi àtijọ́ méjì, tí mo pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan, nọ́ńbà èwo ni màá lò?

Ìyá_Ilé_Ìkàwé

Tuntun. Àwọn méjì àtijọ́ dúró síbi tí wọ́n wà. Ní òpó «ó ti ibo wá», kọ nọ́ńbà àwọn méjèèjì. Kí o sì lọ sí ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn àtijọ́ náà, kọ nọ́ńbà tuntun síbẹ̀, torí ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn náà gbọ́dọ̀ lè dé iwájú.

Tuntun_Ọ̀ṣọ́dì

Ẹ ṣeun, Mà. Mo ti ṣe ìkíní.